Ẹ Kó Púlọ́ọ̀gì Àtijọ́ Lé Mi Lọ́wọ́

Ọjọ́ tí mo ń kó púpurú lọ sí Ìgbókòdá ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ mi. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ni, èyí tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ fún mi, apò mọ́kànlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí mo bá fún un níná, á kọ́kọ́ dúró bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun, á jẹ́kì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó gbéra. Òórùn epo tí kò jóná tán gba gbogbo iwájú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, kò tíì pé oṣù kan tí mo sanwó púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin.

Nígbà tí mo padà dé ilé ní Òkìtìpupa, mo jẹ́ kó tutù títí di ìrọ̀lẹ́, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì ń tú wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì jẹ́ tuntun lóòótọ́. Méjì tó kù ti gbó. Ẹnì kan ti fi sáńpépà ha ẹnu wọn títí irin fi ń dán, ó ti fi epo fọ ara wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kò ṣeé fọ̀. Irin àárín púlọ́ọ̀gì tuntun máa ń ní etí tó mú, bí orí ìṣó tí wọn kò tíì kàn rí. Ti àwọn méjì yìí ti jẹ, ó rí roboto bí ẹnu pẹ́ńsùlù tí ọmọ ilé-ìwé ti fi kọ̀wé fún odindi sáà. Mo fi èékánná kàn án, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ.

Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹnì kan lọ. Ọ̀pọ̀ wa tó ní ọkọ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Ìkòyà dé Òde-Ìrèlè, bí mẹkáníìkì bá ti ní kí a ra púlọ́ọ̀gì, owó la ń mú jáde. A kì í béèrè pé ibo ni èyí tó tú wà. Tí a bá ra ẹran lọ́jà, a ó yí i sọ́tùn-ún, a ó yí i sósì. Tí a bá gbé aṣọ fún télọ̀, a ó gba àjákù rẹ̀ padà. Ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ tó ń gbé wa bọ̀ nìkan la di ojú sí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le: ẹni tó bá pààrọ̀ ohunkóhun lára ọkọ̀ wa, kó kó èyí tó tú lé wa lọ́wọ́. Tó bá wá jẹ́ ti púlọ́ọ̀gì, kí àwa fúnra wa kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ilé wa.

Àwọn kan á sọ pé iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í ṣe iṣẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ní gbogbo ọdún tí kò fi sí iná ọba ní gúúsù Oǹdó, lé lọ́dún mẹ́wàá ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, kí la fi ń tan fáànù? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní “I better pass my neighbour” ni. Epo àti ọ́ìlì la ń pò pọ̀ fún un, nítorí náà púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kan ṣoṣo máa ń dúdú kíákíá. Ta ló ń tú u? Ọmọ ọdún méjìlá ni. Á wá sípánà rẹ̀ kàn nínú òkùnkùn, á tú u, á nù ún, á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, á dá a padà, á fa okùn, iná á dé. Mo ti rí ìyá àgbà tó ń ta ẹja yíyan tó ṣe é láì tú gèlè orí rẹ̀. Irú púlọ́ọ̀gì kan náà, lọ́nà mẹ́rin, ló wà nínú ọkọ̀ mi. Ìbẹ̀rù wo ló tún kù?

Ohun tí púlọ́ọ̀gì ń ṣe yóò yé ẹnikẹ́ni tó bá ti dáná igi rí. Afẹ́fẹ́ àti epo ti pò pọ̀ nínú sílíńdà, písítìnì ti fún wọn mọ́ra, ó ku kí ẹnì kan ṣáná sí i. Láti 1902 tí ilé-iṣẹ́ Robert Bosch ní Jámánì ti gbé púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fún un ní iná tó le, ọ̀nà tí à ń gbà ṣáná yìí kò tíì yàtọ̀ púpọ̀. Iná mànàmáná á gba irin àárín sọ̀ kalẹ̀, á fo àlàfo tíńtín, á ta sára irin ẹ̀gbẹ́. Tánganran funfun tó yí irin àárín ká ni kì í jẹ́ kó sá gba ibòmíràn. Tí èéfín bá wá lẹ̀ mọ́ tánganran yẹn, èéfín fúnra rẹ̀ di ọ̀nà: iná á gba orí rẹ̀ lọ sára irin ẹ́ńjìnnì, kò ní fo àlàfo mọ́. Sílíńdà yẹn á máa gbé epo mì, á sì máa tu ú jáde láì jó.

Àwa tí à ń ṣe púpurú mọ èéfín. Tí a bá ti rẹ ẹ̀gẹ́, tí a yọ ọ̀rán rẹ̀, tí a mọ ọ́n roboto sórí àjà iná, ìta rẹ̀ á dúdú kirikiri. Ìta dúdú yẹn la máa ń ha kúrò kí a tó gún un, kí funfun inú rẹ̀ tó yọ. Púpurú gbà kí a ha á. Tánganran púlọ́ọ̀gì kò gbà. Sáńpépà tí wọ́n fi ha ti èmi ti fa ìlà fínífíní sí i lára, inú àwọn ìlà yẹn sì ni èéfín tuntun ń sá sí. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi dún dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́kì lójú ọ̀nà Ìgbókòdá.

Bàbá àwọn ọmọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ ni mo fi í sílẹ̀ pátápátá, nítorí gbogbo ènìyàn ń sọ pé kò yẹ opó, pàápàá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kó máa da orí kọ inú ẹ́ńjìnnì. Mo gbà fún wọn nígbà náà. Mi ò gbà mọ́.

Ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ni wọ́n ti to ọkọ̀ wa. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, inú ihò jíjìn ni púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì jókòó sí. Nítorí alumíníọ̀mù, mi ò ní tú u nígbà tó bá ń gbóná. Ẹni tó bá kánjú lè fa púlọ́ọ̀gì jáde tòun ti tírẹ́ẹ̀dì ihò rẹ̀, ìnáwó ìyẹn sì ju ti púlọ́ọ̀gì ogún lọ. Nítorí ihò jíjìn, eruku ni mo kọ́kọ́ ń bá jà. Orúkọ ìlú wa ti sọ ọ́: òkìtì pupa. Ilẹ̀ pupa yìí máa ń kún ibẹ̀ bí àtíkè. Tí a bá tú púlọ́ọ̀gì láì fẹ́ ẹ kúrò, inú sílíńdà ló ń já sí, yóò sì máa ha ibẹ̀ lójoojúmọ́. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà, mo di orí wáyà mú, n kì í fa okùn rẹ̀, mo yọ ọ́. Ẹyọ kan péré ni. Mi ò ní fọwọ́ kan èkejì títí màá fi fi tuntun sí ti àkọ́kọ́, tí màá sì dá wáyà rẹ̀ padà, nítorí tí wáyà bá ṣi ibùjókòó, sílíńdà á máa gbiná lásìkò tí kò yẹ. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì ti ọkọ̀ mi jẹ́ nǹkan bíi 0.6 mìlímítà. Ẹni tí kò ní géèjì lè fi bíléèdì ayùn irin wọ̀n ọ́n, torí nínípọn rẹ̀ kò jìnnà sí i. Kó kàn máa wọlé jẹ́jẹ́, kó má há.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ti róbà. Mo gé róbà epo tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mi sí ọrùn ọwọ́, mo ki orí púlọ́ọ̀gì tuntun bọ ẹnu rẹ̀, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò, mo sì ń fi ìka méjì yí i. Tó bá wọ tírẹ́ẹ̀dì dáadáa, á máa sọ̀ kalẹ̀ wọ́rọ́wọ́ bí ọmọrí ìgò. Tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, róbà á yọ̀ lórí rẹ̀, kò ní lágbára tó lè ba nǹkan jẹ́. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni mo gbé e fún lọ́jọ́ tí a ń pààrọ̀ méjì tó gbó yẹn. Ó ti ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó ń yí i, ó dúró, ó ní, “Ìyé, ó ti jókòó.” Ọwọ́ rẹ̀ ló sọ fún un. Mo wá fún un ní sípánà, mo ní kó yí i ní ìdajì yíyí, kó fi díẹ̀ lé e. Ó fẹ́ tún un yí sí i, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ohun tó mú kí n máa tẹnu mọ́ púlọ́ọ̀gì àtijọ́ ni pé ìròyìn ẹ́ńjìnnì ló wà lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ní àwọ̀ ẹ̀pà sísun, ara ọkọ̀ le. Tó bá dúdú tó sì gbẹ bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ wo kabúrétọ̀, ẹ wo fítà afẹ́fẹ́. Tó bá funfun bí eérú, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù tàbí epo ò tó o. Tó bá tutù fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ti ń rọ́nà gba ibi tí kò yẹ wọ inú sílíńdà. Mẹkáníìkì tó bá ju púlọ́ọ̀gì yín sínú igbó ti ju gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nù, ẹ̀yin lẹ sì máa sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Owó náà sì ti wọ́n. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye tí à ń ra lítà kan ti di ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po. Ọkọ̀ oní sílíńdà mẹ́rin tí ọ̀kan kò jó ń da epo náà nù láàárọ̀ lálẹ́.

Mi ò sọ pé gbogbo ọkọ̀ la lè ṣe nílé. Hilux oní dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná rárá. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fún mọ́ra ló ń gbóná títí epo fi ń gbiná. Àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà tó ní Ford F-150 oní 5.4 lítà ti nǹkan bíi 2004 sí 2008 mọ̀ pé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń kán sínú orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ń tú u. Ẹ gbé irú ìyẹn fún ọ̀gá. Àwọn púlọ́ọ̀gì olówó ńlá tí irin ẹnu wọn tín-ínrín bí abẹ́rẹ́, ẹ má fi bíléèdì wọ̀n wọ́n, ẹ ó ṣẹ́ wọn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ayédèrú. Páálí tí wọ́n kọ NGK sí lè má jẹ́ ti Japan. Níwájú ẹni tó ń tà á ni mo ti ń ṣí i. Mo ń wò ó bóyá irin ẹ̀gbẹ́ dúró gangan lókè irin àárín, mo sì ń fi ìka tútù nu lẹ́tà ara tánganran. Tó bá ń ṣí, mo dá a padà fún un.

Wọ́n ti bi mí pé ṣé mi ò fẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì jẹun ni. Mo fẹ́. Jíà, kílọ́ọ̀ṣì àti béárìn wà lọ́rùn wọn, a ò lè ṣe ìyẹn fúnra wa. Mo kó púlọ́ọ̀gì méjì yẹn lọ bá ẹni tó ta mí ní èrú, mo tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lójú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Tíṣà, ọmọṣẹ́ ló ṣe é.” Mo bi í pé ta ló kọ́ ọmọṣẹ́. Kò fèsì. Ó dá owó púlọ́ọ̀gì méjì padà fún mi, mo sì rí i pé ojú ń tì í ní tòótọ́, nítorí ẹni tó mọṣẹ́ ni.

Púlọ́ọ̀gì kẹta tí mo tú lọ́sẹ̀ tó kọjá tutù rinrin fún ọ́ìlì. Mo gbà pé ríìngì písítìnì ni, ìyẹn sì ju ọwọ́ èmi àti ọmọ yìí lọ. Mo ti dì í sínú bébà, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan náà ni mo sì ń gbé ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti ránṣẹ́ sí i ṣáájú pé tó bá tú ríìngì náà, kó kó wọn jọ dè mí.