“Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi o!” Bí ìkànnì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe dákú lójú agbo

Ọjọ́ Sátidé tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìdùnnú fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Múṣin, l'Ékòó, ariwo ló fi parí. Èrò ti pé, wọ́n ti pín mínírà, alága ti dìde, ó ní ìwé ńlá tí wọ́n fi ń kọ owó ẹgbẹ́ ti kógbá wọlé nìyẹn. Ó ní orí fóònù ni oníkálukú yóò ti máa wo iye tó ní lápò ẹgbẹ́, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì ti máa tọrọ owó yíyá. Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí iléèwé wọlé, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń retí owó tí wọ́n máa fi san owó iléèwé ọmọ. Alága tẹ fóònù ẹ̀. Ojú fóònù kọ́kọ́ funfun báláú, ó ṣe díẹ̀, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan yọ síta: “Application error.” Ó tún un tẹ̀, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀.

Ni gbogbo ojú bá yí sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe ìkànnì ọ̀hún. Ìdajì owó iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ti ná an. Ó dìde, òógùn bò ó, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi o. Láàárọ̀ yìí ni mo dán an wò.” Màmá akápò ló dá a lóhùn: “Ọmọ mi, ṣé kọ̀ǹpútà tìẹ la ó wá máa gbé kiri ilé gbogbo wa ni?” Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò pa ọmọ yẹn lẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un di Sátidé tó ń bọ̀. Bí nǹkan ò bá yí padà, kó dá owó ẹgbẹ́ padà.

Kí ẹnikẹ́ni tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní gbájú-ẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ pé kárí ayé làwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń sọ gbólóhùn tó sọ yẹn. Òótọ́ ló sì ń sọ. Ohun tí ò yé e ni pé ilé baba ẹni àti ilé onílé kì í ṣe ọ̀kan náà.

JavaScript lèdè tó fi kọ ìkànnì náà. Ọdún 1995 ni Brendan Eich, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe èdè yìí nílé iṣẹ́ Netscape, láàrin ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ojú ìkànnì, níwájú ẹni tó ń wò ó, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Ìgbà tó di ọdún 2009 ni Ryan Dahl, Amẹ́ríkà mìíràn, mú ẹ́ńjìnnì V8 tí Google ṣe fún Chrome, ó fi ṣe Node.js, ó sì gbé e wá síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Bí JavaScript ṣe di ohun tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé nìyẹn, lórí sáfà, níbi tí wọ́n ti ń ka owó, tí wọ́n ti ń tọ́jú orúkọ. Cloud tí wọ́n sì ń pariwo ẹ̀ yẹn, kì í ṣe àwọsánmà òjò o. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, nínú ilé ńlá kan níbì kan, téèyàn ń sanwó láti lò. Ilé àyágbé ni. Onílé ló ni òfin.

Lóru ọjọ́ náà, ọmọ yìí gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan lọ ní Yábàá, ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọ̀hún. Kó tó jókòó ló ti ń ròyìn. Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ìbéèrè kan ló bi í: “Kí ni log sọ?” Ọmọ náà wolẹ̀. Kò tíì kà á.

Log ni ìwé tí sáfà fi ń ròyìn ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó ń tún kóòdù ṣe láìka log, aláìsàn tó ń gbé oògùn mì láìjẹ́ kí dókítà yẹ òun wò ni. Ìgbà tí wọ́n ṣí i, àṣìṣe mẹ́rin ni wọ́n bá, ọ̀kan tò sẹ́yìn èkejì.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Ètò tó bá wà lórí sáfà gbọ́dọ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọlé, port ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà ló sì ń jẹ́. Ọmọ náà ti kọ 3000 mọ́ inú kóòdù ẹ̀. Nílé gan-an, ìgbà mìíràn wà tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ máa ń kígbe “EADDRINUSE”, ìyẹn ni pé ètò mìíràn, tàbí ètò kan náà tó gbàgbé láti pa, ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ìyẹn ò le, ó kàn máa pa èyí tó wà níbẹ̀ ni. Àmọ́ lórí cloud, onílé ló ń yan ilẹ̀kùn fún ayálégbé. Ó máa kọ nọ́ńbà náà sínú ohun tí wọ́n ń pè ní PORT, ètò ló sì gbọ́dọ̀ lọ kà á níbẹ̀, pẹ̀lú process.env.PORT. Bí ayálégbé bá dúró sẹ́nu 3000, tí onílé ń kan ilẹ̀kùn mìíràn, wọn ò lè ríra. Lórí Heroku, 60 ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fún ètò láti ṣílẹ̀kùn. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa á, wọ́n á sì kọ R10 sínú log. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: 127.0.0.1, tí wọ́n tún ń pè ní localhost, ilẹ̀kùn yàrá ni, kì í ṣe ti ojú títì. Ètò tó bá ń tẹ́tí níbẹ̀ nìkan ò lè gbọ́ àlejò tó ń kàn án níta. 0.0.0.0 ló ń sọ fún un pé kó tẹ́tí sí gbogbo ọ̀nà.

Ó tún ìyẹn ṣe, ó gbé e lọ, ó tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí, log ní “Cannot find module './Owo'”. Ọmọ náà fẹ́ẹ̀ sunkún: “Ẹ̀gbọ́n, fáìlì yẹn wà níbẹ̀, ẹ wò ó!” Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owo.js lorúkọ ẹ̀, lẹ́tà kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀. Windows àti Mac, bí wọ́n ṣe máa ń wá, kì í ya Owo sọ́tọ̀ lára owo. Linux, tó wà lórí ọ̀pọ̀ sáfà cloud, ẹni méjì ló kà wọ́n sí. Bíi ti òṣìṣẹ́ báńkì ni, tó ní orúkọ tẹ́ ẹ kọ ò bá ti inú ìwé àwọn mu.

Ìkẹta ni ẹrù tí wọn ò kó dé. Àwọn tó ń lo Node.js kì í kọ gbogbo nǹkan fúnra wọn, wọ́n máa ń gba èyí tẹ́lòmíràn ti kọ níbi tí wọ́n ń pè ní npm, wọ́n á sì kọ orúkọ wọn sínú package.json. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ẹrù náà sí: dependencies, èyí tí iṣẹ́ ò lè ṣe kó má lò, àti devDependencies, irinṣẹ́ ìdánwò lásán. Nílé, gbogbo ẹ̀ ló ń wọlé. Lórí cloud, wọ́n sábà máa ń fi ti ìdánwò sílẹ̀. Ọmọ náà ti kọ èyí tó ń bá ibi ìkówósí, ìyẹn PostgreSQL, sọ̀rọ̀ mọ́ irinṣẹ́ ìdánwò.

Ìkẹrin ni àṣírí. Páásíwọ́ọ̀dù àti àdírẹ́sì PostgreSQL wà nínú fáìlì .env lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, kò sì gbé fáìlì yẹn lọ. Ohun tó dáa ló ṣe, torí ẹni tó bá gbé .env sójú táyé dùn GitHub, ojú ọjà ló kó kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀ sí, àfi kó tètè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó lọ kọ wọ́n sí ibi tí onílé cloud yà sọ́tọ̀ fún un. Nígbà tó sì máa kọ ọ́, localhost ló tún kọ. Log ní “ECONNREFUSED 127.0.0.1:5432”. Ẹ̀gbọ́n ní: “Localhost túmọ̀ sí 'ọ̀dọ̀ ara mi'. Bó o bá wà nílé, ọ̀dọ̀ tìẹ ni. Bó bá dé cloud, ọ̀dọ̀ tiẹ̀ ni. Ṣé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lo kó owó sí?”

Ọjọ́ Túsìdeè, ìkànnì dìde. Ọmọ náà rò pé ó parí, kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ fi dán an wò. Ìgbà tó di Ọjọ́bọ̀, Màmá akápò pè é sórí fóònù: “Fọ́tò tí mo fi síbẹ̀ lánàá dà?” Ó ti lọ. Ètò yẹn ń kó fọ́tò sínú fódà lórí sáfà, bẹ́ẹ̀ sì ni lórí ọ̀pọ̀ cloud, bí ètò bá ti tún bẹ̀rẹ̀, fódà yẹn á di òfìfo. Lórí Heroku, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n máa ń tún ètò bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò àti ìwé gbọ́dọ̀ ní ibi ìpamọ́ tiwọn lọ́tọ̀.

Èyí tó wá léwu jù, log ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ìyá aláṣọ kan san owó oṣù September ní aago méjìlá ààbọ̀ òru, ọjọ́ kìíní oṣù. Ìkànnì kọ ọ́ sí 31 August, aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́. Ó wá jẹ́ pé lójú ìkànnì, obìnrin yẹn sanwó oṣù August lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ gbèsè oṣù September. Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé ẹni tó bá jẹ gbèsè ò lè yá owó. Ọpẹ́lọpẹ́ Màmá akápò tí ò tíì ju ìwé tiẹ̀ nù! Ohun tó fà á ni pé aago UTC ni ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, wákàtí kan ni Nàìjíríà sì fi ṣíwájú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọmọ náà, aago Èkó ló wà lórí ẹ̀, kò lè rí i láé nílé. Àtúnṣe ẹ̀ ni kí wọ́n tọ́jú àkókò ní UTC, ṣùgbọ́n bó bá kan ká mọ ọjọ́ àti oṣù tówó wọlé, kí wọ́n fi Africa/Lagos ṣírò ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún kìlọ̀ fún un nípa package-lock.json, tó ti pa rẹ́, ìyẹn fáìlì tó ń sọ irú ẹ̀yà ẹrù gan-an tó gbọ́dọ̀ wọlé. Ìtàn tó sì fi tì í lẹ́yìn, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ. Lóṣù March ọdún 2016, Azer Koçulu bá ilé iṣẹ́ Kik, tó wà ní Kánádà, jà lórí orúkọ “kik” tó fún iṣẹ́ ẹ̀ kan. Àwọn npm gba orúkọ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Inú bí i, ó kó gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ kúrò níbẹ̀, tó ju igba lọ. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni left-pad, ìlà mọ́kànlá péré, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa fi àlàfo síwájú ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn kárí ayé, tó fi mọ́ àwọn tó ń lo React àti Babel, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ rí pé àwọn ń lo left-pad. Ọjọ́ yẹn náà ni npm dá a padà, wọ́n sì yí òfin wọn. Fáìlì yẹn nìkan ò lè dá ẹrù tí olówó bá kó lọ padà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kéèyàn mọ gbogbo ẹni tóun gbára lé, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀yà tuntun yọ́ wọlé.

Oògùn gbogbo ẹ̀ ni kéèyàn sọ ilé di òde kó tó jáde. Kó gba kóòdù ẹ̀ lákọ̀tun láti GitHub sínú fódà mìíràn, kó lo npm ci dípò npm install, kó fi NODE_ENV sí production, kó yí PORT sí nọ́ńbà tí ò lò rí, kó fi aago sí UTC, kó sì rí i pé ẹ̀yà Node tó wà nílé ni ti òde. Ẹni tó bá mọ Docker lè gbé Linux wá sínú ilé pátápátá. Ohun tó bá máa fọ́, yàrá ni kó ti fọ́, kó má jẹ́ ojú agbo.

Sátidé pé. Alága tẹ fóònù ẹ̀, orúkọ ẹ̀ jáde, owó ẹ̀ jáde. Ìyá aláṣọ tọrọ owó iléèwé ọmọ ẹ̀, ó sì wọlé. Wọ́n san owó tó kù fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n Màmá akápò ò jẹ́ kó tíì lọ. Ó ní, “Ọmọ mi, pa kọ̀ǹpútà ẹ yẹn ná, ká tún un wò.” Ó pa á, ìkànnì ò sì kú.

Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé iṣẹ́ fún àwọn ọmọ yìí fi ti Màmá akápò kọ́gbọ́n. Kẹ́ ẹ tó san owó ìkẹyìn, ẹ ní kó pa kọ̀ǹpútà ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi fóònù àti dátà tiyín wò ó. Ẹ béèrè ẹni tí yóò máa san owó ilé cloud, torí ọ̀fẹ́ kì í pẹ́: 28 November 2022 ni Heroku fòpin sí tiẹ̀. Ẹ sì má tètè sun ìwé àtijọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, òde náà sì yẹ ní wíwò ká tó gbé ọmọ jáde.