Ẹ wo táyà kẹ́ ẹ tó dá ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì lẹ́bi

Bí òjò bá ti ń rọ̀ láti Èkó títí dé Abidjan, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wáyé ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àti ní gáréèjì. Wọ́n á ní kí èèyàn má ra ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, nítorí pé bí ojú ọ̀nà bá ti tutù, ìdí rẹ̀ á fò jáde, á sì yí awakọ̀ dànù. BMW àti Mercedes ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ á wá yí ọkàn padà sí Corolla tàbí Golf tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, á sì gbà pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni òtítọ́ tó yẹ kó gba iwájú. Ohun tó ń pa èèyàn lójú ọ̀nà tó tutù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Táyà tó ti pá, eré àsápajúdé, àti ọ̀nà tí omi dúró sí ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ibi tí òtítọ́ wà. Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, ẹ́ńjìnnì jókòó lórí ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń tẹ táyà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi máa ń gbéra láìyọ̀ lórí ọ̀nà tó tutù. Bí eré bá pọ̀ jù ní kọ́nà, imú ọkọ̀ ló máa ń yà síta. Bí awakọ̀ bá sì ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù díẹ̀díẹ̀, imú náà sábà máa ń padà sí ojú ọ̀nà. Ohun tí ẹ̀rù máa ń jẹ́ kí èèyàn ṣe nìyẹn, ó sì bọ́ sí i.

Ti ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì yàtọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù jù ní kọ́nà tó tutù, táyà ẹ̀yìn ló máa yọ̀, ìdí ọkọ̀ á sì gbá síta. Ẹni tí àyà rẹ̀ já, tó sì tẹ bíréèkì lójijì tàbí tó ká ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún ń mú ìwọ̀n kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ máa ń yí bí òkòtó. Ohun tó yẹ ni kí ó dín tọ́tù kù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó sì yí sítíárìn síbi tó fẹ́ kí imú ọkọ̀ kọjú sí. Èyí kì í wá fúnra rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n kọ́ èèyàn.

Ibi tí ẹ̀bi ọkọ̀ náà mọ nìyẹn. Tó bá kan ká dúró, kò sí ìyàtọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni bíréèkì ń mú nínú ọkọ̀ méjèèjì. Corolla kò ní tètè dúró ju BMW lọ kìkì nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà á. Bí eré ọkọ̀ bá sì di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì nílò kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin, ẹsẹ̀ yòówù tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Níbi ká dúró lójijì lẹ́yìn tírélà nínú òjò, àríyànjiyàn gáréèjì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìtàn agbègbè yìí náà fi hàn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì ló gbé àwọn èèyàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Peugeot 504, tí ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kaduna lọ́dún 1975, ẹ̀yìn ló ń tì í. Ẹ̀yìn náà ló ń ti Peugeot 505 tí wọ́n fi ń kó èrò méje ní Senegal. Danfo Volkswagen àtijọ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí, ẹ̀yìn ló ń tì í. Kẹ̀kẹ́ Marwa tó ń sáré nínú ẹrẹ̀ lónìí, ẹ̀yìn ni. Èyí kò túmọ̀ sí pé wọn kò pa èèyàn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó bá ní kí gbogbo ayé sá fún ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, ó ń ní kí wọ́n má wọ ọkọ̀ èrò mọ́ nìyẹn.

Toyota Hiace ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí jù, kì í ṣe BMW. Hiace ló ń kó èrò láti Èkó lọ sí Cotonou, láti Accra lọ sí Kumasi, láti Abuja lọ sí Kano. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í. Bí kò bá sí èrò nínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ á fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn á sì tètè yọ̀ bí awakọ̀ tó ń sáré padà lọ kó èrò bá tẹ tọ́tù ní kọ́nà. Bí ó bá kún, tí wọ́n tún di ẹrù sí orí òrùlé, ìwọ̀n á pọ̀ lókè, bíréèkì á sì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ẹni tó ra BMW yan ewu tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Èrò tó wọ Hiace kò yan táyà, kò yan eré, kò sì yan awakọ̀.

Táyà ni ẹ̀tẹ̀ tó wà nílẹ̀

Ohun tó so ọkọ̀ mọ́ ọ̀nà kò ju ojú táyà mẹ́rin lọ, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti kan ilẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Iṣẹ́ àwọn ìlà tó wà lójú táyà ni láti fún omi ní ọ̀nà láti jáde. Bí ìlà náà bá ti jẹ tán, omi kò ní ibi tó máa gbà. Á wà láàárín táyà àti ọ̀dà, á sì gbé táyà sókè. Ní àkókò yẹn, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́, bíréèkì kò ní mú nǹkan kan, ọkọ̀ á sì máa lọ síbi tó wù ú.

Àwọn onímọ̀ NASA ní Amẹ́ríkà ti ṣe ìṣirò nípa èyí nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí táyà ọkọ̀ òfuurufú. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò náà, bí omi bá pọ̀ lójú ọ̀nà, táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ 30 psi lè léfòó tí eré bá tó nǹkan bíi kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni eré tí ó máa léfòó ṣe ń kéré sí i. Ìyẹn ni pé awakọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ní òpópónà márosẹ̀ Nàìjíríà, tí òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara ẹni, lè máa tẹ̀lé òfin kó sì máa léfòó lórí omi.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bí ìjìnlẹ̀ ìlà ojú táyà kò bá tó mìlímítà 1.6, òfin kò gbà kí wọ́n lò ó mọ́. Ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbí. Táyà tòkunbọ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lára ohun tí òfin aṣọ́bodè Nàìjíríà ní wọn kò gbọdọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ ìta gbangba ni wọ́n ti ń tà á, ní ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ki táyà kan sínú òmíràn kí púpọ̀ lè wọ inú kọ̀ǹténà kan, èyí tó máa ń ba wáyà inú wọn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rà wọ́n.

Kò yẹ kí a bú ẹni tó rà á láìwo ìdí tó fi rà á. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ tó wà ní Port Harcourt pa lọ́dún 2007, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Dunlop tó wà ní Ìkẹjà fi dá iṣẹ́ ṣíṣe táyà dúró. Láti ìgbà náà, owó dọ́là ló ń sọ iye tí táyà tuntun jẹ́. Awakọ̀ tó ń san owó ọkọ̀ fún ẹlòmíràn lójoojúmọ́, tó tún ń ra epo, á wo owó táyà tuntun mẹ́rin, á sì kọjú sí tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọkọ̀, tó ń gba owó rẹ̀ láràárọ̀, kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Òun ló yẹ kó ra táyà.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Bí owó bá tó táyà tuntun méjì péré, àwọn tó ní ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà máa ń ní kí fọkanáísà dè é sí iwájú, nítorí pé iwájú ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà, tí Michelin wà lára wọn, sọ pé ẹ̀yìn ló yẹ kí ó wà, ọkọ̀ yòówù kó jẹ́. Ìdí ni pé bí táyà iwájú bá yọ̀, awakọ̀ ṣì lè dín eré kù. Bí tẹ̀yìn tó ti pá bá yọ̀, ìdí ọkọ̀ á fò síta. Corolla tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ tán ti di ohun tí wọ́n ń sá fún nínú BMW.

Iná tí wọ́n pa

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Lọ́dún 1995 ni Mercedes kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ESP sínú ọkọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá rí i pé ọkọ̀ fẹ́ yí, á fi bíréèkì mú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó yẹ, á sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù kí awakọ̀ tó mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun láti ọkọ̀ ọdún 2012, Yúróòpù náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2014. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì tó ní ESP tó ń ṣiṣẹ́ àti táyà tó dára kò sí nínú ẹgbẹ́ ọkọ̀ tó yẹ kí èèyàn bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ náà níbí? Sẹ́ńsọ̀ ara ẹsẹ̀ ọkọ̀ á bàjẹ́, iná ìkìlọ̀ á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ á sì ní kí wọ́n yọ gílóòbù rẹ̀ kí olùrà má bàa rí i. Ẹni tó rà á á máa wa ọkọ̀ tó rò pé ẹ̀rọ ń ṣọ́, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń ṣọ́ ọ. Ìtànjẹ yìí burú ju ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ.

Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, UNEP, sọ ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sí òkèèrè láàárín 2015 sí 2018, àti pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló wá sí Áfíríkà. Bí ìjọba bá fẹ́ mọ ibi tó ti yẹ kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, ẹnu èbúté ni.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀

Ọ̀nà náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Òfin ECOWAS ní kí ẹrù tó wà lórí ásíìlì kan má ju tọ́ọ̀nù 11.5 lọ, ṣùgbọ́n tírélà tó ru ju bẹ́ẹ̀ lọ ló kún ojú ọ̀nà. Wọ́n ń tẹ ọ̀dà wọlé títí tó fi ní ipa ẹsẹ̀ méjì bíi poro, omi òjò á sì dúró síbẹ̀, ibi tí táyà àwọn ọkọ̀ kéékèèké máa gbà gan-an. Gọ́tà tí pàǹtí ti dí kò jẹ́ kí omi náà lọ. Orílẹ̀-èdè tí kò wọn tírélà, tí kò sì la gọ́tà, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ru awakọ̀.

Nítorí náà, kí ìjọba tó wà ní agbègbè yìí wọn tírélà kó tó kúrò ní èbúté, kí wọ́n sì fi òfin táyà múlẹ̀ lórí ẹni tó ń kó o wọlé, kì í ṣe lórí fọkanáísà nìkan. Kí àyẹ̀wò ọkọ̀ èrò di ohun tí wọ́n ń fi ojú àti ọwọ́ ṣe, kó má jẹ́ ìwé tí wọ́n ń fowó rà. Kí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ máa kọ́ àwọn tó fẹ́ wa Hiace ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí ìdí ọkọ̀ bá yọ̀, kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ.

Àwọn awakọ̀ náà ní iṣẹ́ tí kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára kóòdù DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Kí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ táyà kí wọ́n tó gbéra. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, pàápàá èyí tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, tó ń pò epo àti eruku mọ́ra lójú ọ̀dà, kí wọ́n dín eré kù, kí àlàfo tó wà láàárín wọn àti ọkọ̀ iwájú sì di ìlọ́po méjì.

Èrò pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rẹ̀ wo táyà kó tó wọlé, kó sì kọ̀ láti wọ ọkọ̀ tí ojú táyà rẹ̀ ń dán bíi àwo. Awakọ̀ lè bínú, àwọn tó kù lè ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Kí wọ́n wí. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n máa bi ara wọn ní gáréèjì lásìkò òjò kì í ṣe bóyá iwájú ló ń fa ọkọ̀ tàbí ẹ̀yìn ló ń tì í. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni ìgbà tí wọ́n ra táyà yẹn, àti iye ẹ̀mí tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lórí.