Ẹ̀rọ Mọ Ìrìn, Kò Mọ Inú

Ní Iffe, ní ilẹ̀ Ìjùmú láàrin àwọn Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ igbó ilẹ̀ Òkun di ibùba, ẹ̀rù oko ń ba olóko. Abájọ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó lè bá ènìyàn ṣọ́ igbó fi ń dùn létí. Rédà jẹ́ ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ará ìlú mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé kí wọ́n tó fi ẹ̀mí lé e lọ́wọ́.

Rédà a máa rán ìgbì jáde; bí ìgbì náà bá kan ohun tó ń rìn, yóò padà wá pẹ̀lú ìyípadà díẹ̀. Christian Doppler, onímọ̀ ará Austria, ló ṣàlàyé irú ìyípadà yìí ní 1842. Bí ènìyàn bá ń rìn, àyà rẹ̀ ń lọ síwájú wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ń fì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yára ju ara lọ. Màlúù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní àmì tirẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ dróònù tó ń yí ní tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà a máa ka àwọn àmì wọ̀nyí láti fi mọ̀ bóyá ènìyàn ni, ẹranko ni, tàbí ọkọ̀, kódà nínú òkùnkùn.

Yorùbá ní bí a bá ṣe rìn là á koni. Àmọ́ àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká àti ajínigbé tó gbé ìbọn, ẹsẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n fi ń rìn. Ìgbésẹ̀ kì í sọ èrò ọkàn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, dróònù ọmọ ogun Nàìjíríà ju àdó olóró sí àwọn tó ń ṣe ọdún Máólúdì ní Tudun Biri, Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ó kéré tán, ènìyàn 85 ló kú. Àwọn ológun fúnra wọn jẹ́wọ́ pé àwọn ṣi ìṣesí èrò náà túmọ̀ sí ti àwọn agbébọn. Ẹ̀rọ rí ènìyàn lóòótọ́. Ìtumọ̀ ohun tó rí ni wọ́n ṣì.

Nítorí náà, bí ìjọba bá gbé rédà wá sí igbó Iffe, kí ó jẹ́ agogo ìkìlọ̀, kí ó má ṣe jẹ́ adájọ́. Àwọn ọdẹ tó mọ ọ̀nà oko àti olóko ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ẹni tó ń bọ̀. Àwọn kan yóò ní ìdádúró yóò jẹ́ kí ọ̀daràn sá lọ. Òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ajínigbé tó sá lónìí ṣe é lépa lọ́la. Àgbẹ̀ tí wọ́n ṣì pa kò ṣe é jí dìde.