Kì í Ṣe Gbogbo Irinṣẹ́ Là Ń Yáwó Rà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ọ̀rọ̀ wa lóṣù yìí kan àwọn tó ń tún inú ọkọ̀ ṣe láàárín wa, ó sì kan àwọn tó ń ṣe onídùúró fún wọn.

Èrò tiwa ni pé owó tí a bá yá, ìdí máṣíìnì tó lè rán awọ ni kó bá lọ. Irinṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ lè ṣe, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ṣe é.

Ẹ wo ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kílíìpù oníke ló di bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ mú. Bí ẹ bá ki súkúrúdíráfà onírin bọ̀ ọ́, tí kílíìpù dá, tí bọ́ọ̀dù sì ha, ta ni yóò san án? Oníbàárà kọ́ o! Ṣùgbọ́n ọparun tí a fá pẹlẹbẹ, tí a la ẹnu rẹ̀ díẹ̀, tí a fi sánpépà họ títí ó fi dán, yóò yọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, torí kò le tó irin.

Abẹ́rẹ́ títẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi ẹ̀mú mú abẹ́rẹ́ ńlá sínú iná kó pọ́n, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bí oṣù tuntun. Ẹ dá a padà síná, kí ẹ wá tì í bọ omi kó lè le. Lẹ́yìn èyí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, kó má baà ṣẹ́. Òun la fi ń rán ojú ìjókòó tó tú láìbọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀. Káàdì báńkì tó ti kú náà dára láti ti etí aṣọ òrùlé ọkọ̀ wọlé.

Àwọn kan á ní irinṣẹ́ àfọwọ́ṣe kì í jẹ́ kí oníbàárà ka èèyàn sí. Hàà! Ṣé irinṣẹ́ ni oníbàárà ń gbé lọ sílé ni, àbí ọkọ̀ rẹ̀?

Síbẹ̀, ààlà wà o. Bẹ́líìtì ìjókòó tó ya, a kì í rán an. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìjókòó tí ẹ́ábáàgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má fi òwú líle rán ibẹ̀ pa. Ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ya nígbà ìjàǹbá, kí báàgì náà lè jáde. Ọ̀ràn ẹ̀mí kì í ṣe ibi ìdọ́gbọ́n.

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀. Owó tó bá sì ṣẹ́kù, àpò ẹgbẹ́ ń dúró dè é.