Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Aláìlera Ní Ẹgbẹ́

Ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín, bí ènìyàn bá dàgbà tí kò ní ẹgbẹ́, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí Ojúde Ọba bá kún, regbẹ́regbẹ́ ni a máa ń tò kọjá, pẹ̀lú aṣọ kan náà àti gèlè kan náà. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tí ó gorí oyè ní ọdún 1960 tí ó sì wàjà ní ọdún 2025, ni ó jí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí dìde. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ẹgbẹ́. Òun ni ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Kí ìmọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ tó dé, àbíkú ni a máa ń pe púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. A ní ẹgbẹ́ wọn ní ọ̀run ni ó ń pè wọ́n, a sì ń sọ wọ́n ní Málọmọ́, Dúrójaiyé, Bánjókòó. Lónìí, a mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, tí ó yẹ kí ó rí roboto, a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa dí àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ibẹ̀ ni ìrora eegun ti ń wá. Nǹkan bí 150,000 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Kò sí ọwọ́ ẹgbẹ́ ọ̀run níbẹ̀. Síbẹ̀, mo gbà pé àwọn baba ńlá wa rí ohun kan tí àwa ń gbàgbé: wọ́n mọ̀ pé ọmọ kì í fẹ́ dá wà.

Àwa ìyá ni a máa ń ya ọmọ náà sọ́tọ̀, ìfẹ́ ni ó sì ń mú wa ṣe é. Má sáré. Má wẹ òjò. Jókòó tì mí. Gbogbo rẹ̀ ni ó nídìí, nítorí òtútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ a máa fa ìrora náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlidé gígùn bá dé, tí àwọn ọmọ yòókù lọ kí ẹbí, òun nìkan ni ó ń kù sílé bí ẹni tí ó ṣẹ̀. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó mọ orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè dárúkọ ọ̀rẹ́ kan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ àgọ́ ìsinmi, níbi tí àwọn ọmọ tí ó ní àìsàn kan náà ti ń gbé pọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n ń ṣeré, tí dókítà àti nọ́ọ̀sì sì ń bá wọn sùn níbẹ̀. Kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1925, Dókítà Leonard Wendt kó àwọn ọmọ alátọ̀gbẹ lọ sí àgọ́ ní Michigan, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1988, òṣèré sinimá Paul Newman dá àgọ́ Hole in the Wall Gang sílẹ̀ ní Connecticut fún àwọn ọmọ tí ó ní jẹjẹrẹ àti àrùn ẹ̀jẹ̀, títí kan fòníkú-fọ̀ladìde. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ti òyìnbó nìkan ni: ní Lesotho, ní gúúsù Áfíríkà, a ṣí ilé Mamohato ní ọdún 2015 fún àgọ́ àwọn ọmọ tí ó ní kòkòrò HIV.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ohun kan tí àwọn ìyá kì í fẹ́ sọ ní gbangba. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó ń tọ̀ sílé títí wọ́n fi dàgbà. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Àrùn náà a máa ba iṣẹ́ kíndìnrín jẹ́, ìtọ̀ a sì máa pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè ní kí ọmọ náà má mu omi, nítorí omi ni ààbò rẹ̀. Ní ilé, a ń nà án. Ní ilé ìwé, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àgọ́, ọmọ mẹ́fà lè jí ní òwúrọ̀ kan náà tí ibùsùn wọn tutù; nọ́ọ̀sì yóò pààrọ̀ aṣọ ibùsùn láìsọ̀rọ̀, wọn yóò sì lọ mu ògì pẹ̀lú àkàrà. Ọmọ tí a ń bẹ̀ kí ó mu omi ní ilé yóò mu ún nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń mu. Ọmọ tí wọ́n ti sọ létí rẹ̀ pé kò ní pé ọdún mọ́kànlélógún yóò rí nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ tí òun náà jẹ́ SS, tí ó ti bí ọmọ tirẹ̀.

“Bí ìrora bá dé ńkọ́?” Ìbéèrè yìí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìrora lè dé ní àgọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti lè dé ní ilé. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ lé ẹni tí ó kàn gba ilé tí ó sì gbé pátákó síta. Dókítà wo ni yóò sùn níbẹ̀? Ọkọ̀ wo ni yóò gbé ọmọ dé ọsibítù ní òru? Ta ni ó ń tọ́jú oògùn? Bí ẹni náà bá fèsì pé Ọlọ́run yóò ṣọ́ wọn, ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì mú ọmọ yín padà sílé. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù, kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀.

Ọlidé gígùn ti àwọn òyìnbó bọ́ sí ìgbà oòrùn. Tiwa bọ́ sí àkókò òjò. Àgọ́ aláṣọ lórí koríko kò bá ọmọ tí òtútù ń pa lára mu. Inú ilé ni kí a ti ṣe é, lórí ibùsùn gidi. Àwọn ilé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú wọn kò wọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yàrá wọn a sì máa ṣófo nígbà ọlidé. Ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ti ìmọ̀, Sickle Cell Foundation tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú ṣe aṣáájú ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1994 wà ní Ìdí-Àràbà, Èkó. Ní ti owó, bí àwọn regbẹ́regbẹ́ wa bá ya iye gèlè tàbí fìlà kan sọ́tọ̀ lórí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èmi kò rò pé yóò nira.

Ẹ gbé e dé ìpàdé ẹgbẹ́ yín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn dókítà tí ó mọ ọmọ yín. Bí ọjọ́ ìrìn-àjò bá dé, ẹ di oògùn rẹ̀ àti káàdì ọsibítù rẹ̀ sí òkè àpò, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò omi, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i, àti súwẹ́tà méjì, nítorí ọ̀kan yóò tutù.