Ta Ni Yóò Jẹ́rìí sí Ilẹ̀ Ògoni?

Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé ilé-iṣẹ́ Shell wí pé a ti tún ilẹ̀ tí epo rọ̀bì bàjẹ́ ní Ògoni ṣe parí níbi 15 kan. Àwọn onímọ̀ UNEP tí Ìjọba Nàìjíríà pè gbẹ́ ilẹ̀ wọ̀nyí wò, ó kéré tán 10 nínú wọn kò tíì mọ́. Shell ni ó san owó ìwádìí náà, ṣùgbọ́n owó kò dí wọn lẹ́nu. Ìròyìn wọn ti ọdún 2011 fi hàn pé oró benzene inú kànga kan ní Nisisioken Ogale ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ lọ. Omi mímu ni! Síbẹ̀, ọdún 2016 ni ìjọba tó ṣí iṣẹ́ àtúnṣe náà ní Bodo. Kí ìjọba má ṣe gba ẹ̀rí ilé-iṣẹ́ epo kankan pé ilẹ̀ mọ́, àfi bí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti gbẹ́ ilẹ̀ náà wò.