Kékeré Ni Bóòtù Ṣáàfù, Kì Í Ṣe Ohun À Ń Fojú Tín-ín-rín

Ìsinmi ń bọ̀, gbogbo wa ti ń múra ilé. Àwọn tó ní ọkọ̀ láàrin wa yóò gbé e lọ bá mẹkáníìkì, àwọn tí kò ní yóò dá owó epo láti bá wọn lọ. Láti Kàdúná gba Mókwà àti Jẹ́bà dé Ìlọrin kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń fi ọkọ̀ tí kò dáa rìn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bóòtù tó so ṣáàfù mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ní ọdún 1975 ni Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì 504 ń yí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìjàpá Volkswagen. Ṣùgbọ́n Golf àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tó ń wọlé lónìí, ẹsẹ̀ iwájú ni tiwọn ń yí. Ṣáàfù méjì ló ti inú gíábọ́ọ̀sì jáde, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bóòtù ńlá kan tàbí nọ́ọ̀tì kan ní àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló di orí ṣáàfù kọ̀ọ̀kan mú. Ìwé atọ́nà Volkswagen sọ ọ́ kedere pé bí a bá ti tú u, tuntun ni kí a fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń lò ó.

Kí ló dé? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹ̀kọ́ físíìsì mọ òfin tí Robert Hooke gbé jáde ní 1678: bí a bá fa irin, ó ń nà bí rọ́bà, bí a bá fi í sílẹ̀, á padà sí bó ti wà. Bóòtù tí a fún pọ̀ ń nà, akitiyan rẹ̀ láti padà sípò ló ń di nǹkan mú gírígírí. Bí a kò bá fún un kọjá ààlà, a lè tú u ká tún lò ó. Ti bóòtù yìí yàtọ̀. A ó kọ́kọ́ fún un dé ìwọ̀n tí ìwé sọ, lẹ́yìn náà a ó tún yí i sí i, bóyá ìwọ̀n 90 tàbí 180, èyíinì ni ìdá mẹ́rin tàbí ìdajì àyíká. Yíyí kejì yẹn ń mú un na kọjá ibi tó ti lè padà. Ẹ wo rọ́bà ìdí ṣòkòtò tí a fà jù: kò já, ṣùgbọ́n ṣé ó ṣì lè gbé ṣòkòtò ró?

Bí a bá dá bóòtù bẹ́ẹ̀ padà, ọwọ́ sípánà lè sọ pé ó ti le, síbẹ̀ kó má di nǹkan mú dáadáa. Bí ìdìmú yẹn bá dẹ̀, eyín ṣáàfù á máa jẹ ara wọn, bẹ́árìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa mì, nítorí bóòtù yìí kan náà ló fún òun náà pọ̀. Ó tún lè já lórí eré. Ìdí bẹ́árìn yìí ni kò fi yẹ kí a ti ọkọ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a bá ti tú bóòtù ọ̀hún, àní láti inú ọgbà mẹkáníìkì dé ìta.

A mọ ohun tí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì yóò sọ. Wọn yóò ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìwé, láti ọjọ́ tí mo ti ń lo bóòtù àtijọ́, ta ló kú?” Ìdáhùn wa ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó sùn sójú títì ni ọkọ̀ ń tẹ̀ pa, síbẹ̀ a kì í torí ìyẹn tẹ́ ẹní síbẹ̀. Wọn yóò tún ní èyí tó wà lára ọkọ̀ ni ojúlówó, pé ayédèrú ló kún ọjà. Òótọ́ wà nínú èyí, a kò sì ní bá wọn jiyàn pé ayédèrú wà. Ṣùgbọ́n ojúlówó tó ti nà tán kì í ṣe ojúlówó mọ́. Ohun tó yẹ ni kí a mọ ọjà á rà. Bí ẹ bá rí 10.9 lórí bóòtù, 10 ń sọ pé irin náà lè gba 1,000 Newton lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan kó tó já; .9 ń sọ pé bí agbára bá ti dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà láìpadà. Ayédèrú náà lè kọ nọ́ńbà sórí, nítorí náà ọwọ́ ẹni tí a mọ̀ ni kí a ti rà á, kí a sì mú nọ́ńbà ọkọ̀ wa lọ, torí ìwọ̀n fífún bóòtù kan kì í ṣe ti èkejì.

A kò sọ pé kí ẹ máa da gbogbo bóòtù nù o. Èyí tó di táyà mú, tí a ń tú bí táyà bá jò, kì í ṣe ara wọn. Ìwé ọkọ̀ ni kó sọ fún yín èwo ni èwo.

Àbá wa ni mẹ́ta. Ìkíní, bí ẹ bá fẹ́ ra ṣáàfù tàbí bẹ́árìn, tòkunbọ̀ tàbí tuntun, ẹ fi owó bóòtù rẹ̀ kún un láti ilé. Ìkejì, ẹ dúró ti mẹkáníìkì, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé, “Ọ̀gá, bóòtù tuntun dà?” Ìkẹta, kí ẹgbẹ́ wa ra torque wrench kan, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe máa yá a lò. Owó rẹ̀ kò tó èyí tí a ń ná sórí àsè ọjọ́ kan.

Òbí wa rán wa wá kàwé ni, wọ́n sì ń retí wa. Ẹ má jẹ́ kí a torí owó bóòtù fi ẹ̀mí wé ewu. Ilé á gbà wá o.